Sáà tí Kòrónà gé kúrú: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí Ohio State ṣe múra fún bọ́ọ̀lù ọdún 2020

Nínú gbogbo ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń bi mí nípa bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kò sí èyí tó pọ̀ tó ìbéèrè nípa ọdún 2020. Àwọn kan fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi dá eré dúró. Àwọn mìíràn ní ó yà wọ́n lẹ́nu pé ẹgbẹ́ tí kò gbá ju eré mẹ́fà lọ bọ́ sí ìdíje àṣekágbá. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Yunifásítì Ohio State tó wà ní ìlú Columbus ni mo dá lé, torí òun ni mo tẹ̀ lé lójoojúmọ́ ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ohun tí ojú àwọn ọmọ náà rí kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Bọ́ọ̀lù wo là ń sọ gan-an?

Kì í ṣe aláfẹsẹ̀gbá. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbé sá, tí orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó. Èèyàn 11 ló ń kọjú sí 11. Wọ́n ń dé akoto, wọ́n ń wọ ìhámọ́ra sí èjìká, torí wọ́n máa ń kọ lu ara wọn tagbáratagbára. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, àmọ́ ẹ má rò pé eré ọmọdé ni o. Pápá Ohio State gba èèyàn 102,780, ó sì máa ń kún ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọdún tó bá rọgbọ, sáà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní òpin oṣù Kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì gbá eré 12 kí ọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ tó délẹ̀.

Ohio State wà nínú àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Big Ten. Orúkọ náà lè tan èèyàn jẹ: yunifásítì 14 ló wà nínú rẹ̀ lọ́dún náà.

Ìgbà wo ni nǹkan kọ́kọ́ dàrú?

Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni. Nígbà tí òtútù bá ń lọ, àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì máa ń ní ìdánrawò 15. Ohio State kò tíì ṣe ju mẹ́ta lọ tí gbogbo ilẹ̀kùn fi tì, tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sílé. Ọmọ tó ń gbé irin wúwo lójoojúmọ́ wá bá ara rẹ̀ ní yàrá tó sùn nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò sí irin, kò sí pápá, kò sí ẹni tí yóò bá a sáré. Orí Zoom ni Ryan Day, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà wọn, ti ń bá wọn ṣèpàdé. Mickey Marotti, tó ń bójú tó agbára ara wọn, ń fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe nílé. Justin Fields ni quarterback wọn, ẹni tó máa ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń darí gbogbo ìkọlù. Òun lo àkókò náà láti yí oúnjẹ rẹ̀ padà pátápátá: ó jáwọ́ nínú ẹran. Ọkùnrin gìrìpá tí wọ́n ń gbá lulẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tó ní ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà to òun! Ẹ óò rí bó ṣe ṣe é tó bá yá.

Ní oṣù Kẹfà, wọ́n ní kí ẹni tó bá wù padà wá ṣe eré ìdárayá. Nígbà tó di oṣù Keje, àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti wọ àárín wọn, wọ́n sì tún dúró fún ọjọ́ díẹ̀.

Ta ló dá sáà dúró?

Àwọn olórí yunifásítì tó wà nínú Big Ten ni. Ó sì dun àwọn ọmọ náà púpọ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ìrètí ń yọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ 9 oṣù Keje, wọ́n ní ẹgbẹ́ Big Ten yóò máa gbá bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn nìkan. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, wọ́n gbé ètò eré 10 jáde, wọ́n dá ọjọ́, wọ́n sọ ibi tí wọn yóò ti gbá a. Ọjọ́ 8, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tíì wọ ìhámọ́ra, kí akoto nìkan ṣì wà lórí. Ọjọ́ 11, wọ́n ní ó tán, kò sí bọ́ọ̀lù mọ́ lọ́dún yìí. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n fún wọn ní ètò eré àti ìgbà tí wọ́n gbà á padà. Ó dà bí ẹni tó gba aṣọ ẹbí, tó rán an, tó tún gbọ́ pé ìnáwó ò sí mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwé tí wọ́n kó lọ sílé ẹjọ́ fi hàn pé olórí 11 ló fọwọ́ sí i, tí mẹ́ta kò fara mọ́ ọn: Ohio State, Iowa àti Nebraska.

Kí ló dẹ́rù bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ọkàn ni. Àwọn dókítà ti ń rí i pé Kòrónà lè mú kí iṣan ọkàn wú, kódà lára ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣàìsàn rárá. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ bá wú, tó sì lọ ń sáré àsápajúdé, lè ṣubú lulẹ̀ kó má dìde mọ́. Ohio State gan-an ló ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tí gbogbo èèyàn wá ń tọ́ka sí. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI wo ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ eléré ìdárayá 26 tí wọ́n ti ní àrùn náà, mẹ́rin nínú wọn sì ní àmì tó jọ ti ọkàn wíwú. Ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Cardiology ní oṣù Kẹsàn-án 2020.

Èèyàn 26 kò pọ̀. Àmọ́ bí ọmọ mi bá wà nínú mẹ́rin yẹn, n kò ní máa ka iye. Ìlera loògùn ọrọ̀, mi ò lè bá àwọn dókítà jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo bá àwọn olórí Big Ten jà lé lórí ni bí wọ́n ṣe sọ ọ́: wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọn kò sì ṣàlàyé tó yé àwọn ọmọ náà àti òbí wọn.

Kí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wá ṣe?

Wọn kò jókòó. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, Fields gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tó fọwọ́ sí i sì lé ní 300,000. Àwọn òbí lọ dúró níwájú ọ́fíìsì Big Ten ní Rosemont, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́jọ láti Nebraska pe àjọ náà lẹ́jọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, Donald Trump, pe Kevin Warren, ọ̀gá àgbà Big Ten, lórí fóònù nípa ọ̀rọ̀ náà. Ọdún ìdìbò ni, ẹ ò ní retí kí òṣèlú má yọjú.

Ohun tí àwọn ọmọ náà ń sọ kò ṣòroó lóye: orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Wọ́n ní ẹ fún wa ní àyẹ̀wò, ẹ fún wa ní òfin tó le, a ó pa á mọ́.

Báwo lèèyàn ṣe ń múra fún eré tí kò ní ọjọ́?

Ìbéèrè yìí ló ká mi lára jù. Ara agbábọ́ọ̀lù dà bí iṣu tó wà lórí iná: bí wọ́n bá tètè sọ ọ́ kalẹ̀, kò ní jinná, bó bá sì pẹ́ jù, yóò rọ̀ jù. Láti ọjọ́ eré àkọ́kọ́ ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ti máa ń ka ọjọ́ bọ̀ sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ wo ni irin yóò wúwo jù, ọ̀sẹ̀ wo ni wọn yóò dín in kù, ọjọ́ wo ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu ara wọn. Bí kò bá sí ọjọ́ eré, ibo ni wọn yóò ti ka á? Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Tiwọn jẹ́ ogun tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ìgbà tí yóò dé.

Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bí nǹkan ṣe rí nìyẹn. Ryan Day kọ́kọ́ dábàá pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kínní. Nígbà tó yá, àárín oṣù Kẹwàá ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ wo bí oṣù Kẹwàá àti oṣù Kínní ṣe jìnnà síra! Bó bá jẹ́ ti Kẹwàá, kí wọ́n má sinmi rárá. Bó bá jẹ́ ti Kínní, kí wọ́n rọra ṣe, kí ara má baà rẹ̀ wọ́n kí ọjọ́ tó pé. Wákàtí 12 lọ́sẹ̀ ni òfin fún wọn láti fi ṣe gbogbo rẹ̀, ìpàdé àti gbígbé irin pẹ̀lú ìrìn lórí pápá, nígbà tí ẹgbẹ́ tó wà nínú sáà ń ní 20. Àwọn ẹgbẹ́ àjọ mìíràn kò dúró. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ Ohio State jókòó sílé tí Clemson, yunifásítì mìíràn, ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Clemson yìí kan náà ló lé wọn kúrò nínú ìdíje ní oṣù Kejìlá 2019, 29 sí 23. Ẹni tí wọ́n ti ń dúró dè láti oṣù yẹn ti wà lórí pápá, àwọn wà lórí àga.

Méjì nínú àwọn tó dáńgájíá jù nínú ẹgbẹ́ náà, Wyatt Davis àti Shaun Wade, sọ láàárín oṣù Kẹsàn-án pé àwọn kò dúró mọ́, àwọn yóò múra fún NFL, ìdíje àwọn tó fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ jẹun. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ́la ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn dé ní ọjọ́ 16 pé gbogbo olórí yunifásítì ti fẹnu kò pé kí bọ́ọ̀lù padà, àwọn méjèèjì padà wá bá ẹgbẹ́ wọn.

Láti ọjọ́ náà sí eré àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ 38. Àmọ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ni àyẹ̀wò ojoojúmọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n sì tó lè wọ ìhámọ́ra kí wọ́n kọ lu ara wọn bó ṣe yẹ. Ọjọ́ 24 ló kù. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ tuntun nínú ẹgbẹ́ náà kò tíì ní ju ìdánrawò ìgbà ìrúwé mẹ́ta yẹn lọ, àwọn kan nínú wọn ò tiẹ̀ ní ìyẹn.

Báwo ni àyẹ̀wò ojoojúmọ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Kí agbábọ́ọ̀lù, akọ́nimọ̀ọ́gbá tàbí òṣìṣẹ́ tó lè tẹ pápá, wọn yóò ki owú bọ imú rẹ̀, èsì yóò sì jáde kíákíá. Bí èsì bá ní àrùn wà, wọn yóò tún fi àyẹ̀wò PCR yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Dókítà James Borchers tó ń tọ́jú ẹgbẹ́ Ohio State nígbà náà wà lára àwọn tó ṣáájú ìgbìmọ̀ ìṣègùn tó gbé ètò náà kalẹ̀.

Ìṣirò méjì ni wọ́n ń ṣe. Èkíní, nínú gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe láàárín ọjọ́ méje, mélòó ló mú àrùn jáde? Bó bá ju 5% lọ, ó ti bàjẹ́. Èkejì, nínú gbogbo èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, mélòó ló ti kó o? Ibẹ̀, 7.5% ni òpin. Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn 160 ló wà níbẹ̀, àtagbábọ́ọ̀lù àtòṣìṣẹ́. Èèyàn 12 péré ni 7.5% nínú wọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá rékọjá òpin méjèèjì, kò gbọ́dọ̀ ṣe ìdánrawò, kò gbọ́dọ̀ gbá eré, fún ọjọ́ méje ó kéré tán.

Nítorí náà, kí ọmọ kan lọ síbi àríyá kan ṣoṣo lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ti tó láti gba eré ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Ọmọ ọdún 18 sí 22 ni wọ́n o. Mo rántí bí èmi náà ṣe rí ní ọjọ́ orí yẹn, mo sì gbóṣùbà fún wọn.

Ẹni tó bá kó o ńkọ́?

Ọjọ́ 21, ó kéré tán, kó tó gbá eré. Kì í ṣe pé wọ́n rò pé yóò máa kó o ran ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ kí àyè wà láti yẹ ọkàn rẹ̀ wò: ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, àwòrán ọkàn, àti MRI. Dókítà ọkàn ló máa fọwọ́ sí i kó tó padà. Nínú sáà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ 21 lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ṣé wọ́n wá gbá eré mẹ́jọ náà pé?

Rárá. Ètò náà ni kí wọ́n gbá eré mẹ́jọ ní Sátidé mẹ́jọ, láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, kò sí ọ̀sẹ̀ ìsinmi kankan. Eré tó bá bọ́ sọnù ti sọnù nìyẹn, kò sí ibi tí wọ́n lè sún un sí. Márùn-ún ni Ohio State rí gbá, wọ́n sì borí nínú gbogbo rẹ̀: Nebraska 52 sí 17, Penn State 38 sí 25, Rutgers 49 sí 27, Indiana 42 sí 35, Michigan State 52 sí 12. Àrùn tó wọ Maryland fagi lé ọ̀kan. Àrùn tó wọ inú Ohio State fúnra rẹ̀ fagi lé ti Illinois. Michigan ló gbẹ̀yìn.

A kò ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ará ìlú ní ibi kankan nínú Big Ten. Ìdílé àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n jẹ́ kó wọlé. Pápá tó ń gba ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn ṣófo débi pé èèyàn ń gbọ́ ohùn àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n.

Kí ló dé tí ti Michigan fi dun àwọn èèyàn tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé láti 1918 ni wọ́n ti ń gbá a lọ́dọọdún. Ogun Àgbáyé Kejì kò dá a dúró. Ẹni tí wọ́n bí ní Columbus lọ́dún 1920, tó sì pé ẹni 100 ọdún, kò tíì rí ọdún tí kò sí i rí. Bó ṣe wáyé ni pé àrùn náà pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Michigan, wọ́n sì fagi lé e.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Kòrónà mú akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní òpin oṣù Kọkànlá, kò sì lè bá wọn lọ sí Michigan State. Larry Johnson, tó ń kọ́ àwọn tó ń dáàbò bo iwájú, ló darí wọn lọ́jọ́ náà, ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó darí Ohio State nínú eré bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún 1890! Mo fẹ́ kí pápá kún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ mìíràn lọ.

Àwọn kan ní Big Ten ṣègbè fún wọn. Ṣé òótọ́ ni?

Òfin tí wọ́n ṣe ni pé ẹgbẹ́ tí kò bá gbá eré mẹ́fà kò lè dé àṣekágbá Big Ten. Nígbà tí eré Michigan bọ́ sọnù, márùn-ún ni Ohio State ní. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, wọ́n pa òfin náà tì. Indiana ni ì bá lọ dípò wọn. Inú àwọn ará Indiana bàjẹ́, mo sì mọ̀ ọ́n lára wọn, torí sáà tó dára gidi ni wọ́n ní. Àmọ́ Ohio State ti na Indiana lórí pápá, méjì nínú eré mẹ́ta tó bọ́ sọnù kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ní tèmi, ohun tí wọ́n ṣe tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni pé àárín ìdíje ni wọ́n ti yí òfin padà, dípò kí wọ́n ti ronú kàn án ní oṣù Kẹsàn-án.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, ní Indianapolis, wọ́n borí Northwestern 22 sí 10. Trey Sermon gbé bọ́ọ̀lù sá fún yáàdì 331, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú ìtàn Ohio State.

Ṣé ọmọ Yorùbá kankan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Wọ́n wà. Adetomiwa Adebawore wà nínú ẹgbẹ́ Northwestern tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yẹn. Boye Mafe wà ní Minnesota, nínú Big Ten kan náà, ó sì la àyẹ̀wò àràárọ̀ àti eré tó ń bọ́ sọnù kọjá bíi tàwọn yòókù. Àwọn méjèèjì ti di ọmọ NFL báyìí: Seattle mú Mafe ní 2022, Indianapolis mú Adebawore ní 2023.

Níbo ni Ohio State wá dé?

Ọjọ́ kìíní oṣù Kínní 2021, ní New Orleans, wọ́n tún pàdé Clemson. Clemson ti gbá eré 11, àwọn ti gbá mẹ́fà. Dabo Swinney, akọ́nimọ̀ọ́gbá Clemson, fi Ohio State sí ipò 11 nínú ìbò tirẹ̀ nítorí pé ó ní eré wọn kò tó. Wọ́n kọ lu Fields lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, èyí tó jẹ́ kó ká kò sílẹ̀, ó dìde, ó sì ju bọ́ọ̀lù mẹ́fà tó di touchdown, ìyẹn ni pé wọ́n gbá a mú ní òpin pápá àwọn alátakò, tó sì di àmì ayò. 49 sí 28. Mo pariwo débi pé aládùúgbò mi wá kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní Miami Gardens, Alabama na wọn 52 sí 24 nínú àṣekágbá gbogbo orílẹ̀-èdè. Sermon ti fara pa kí eré tó gbóná. Eré 13 ni Alabama gbá ní sáà náà, Ohio State gbá mẹ́jọ. Alabama dára jù wọ́n lọ lọ́jọ́ yẹn, n kò ní fi iye eré bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ṣé wọ́n ka ọdún náà mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́?

Wọn kò kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ní ọdún mẹ́rin láti fi díje, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, sì pinnu ní oṣù Kẹjọ 2020 pé ọdún náà kò ní sí nínú mẹ́rin fún àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá ìgbà náà. Thayer Munford àti Haskell Garrett lò ó, wọ́n padà wá sí Ohio State ní 2021. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Oregon wá sí Columbus. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2019, èrò tó lé ní 100,000 wà lórí ìjókòó ní pápá náà. Oregon borí, 35 sí 28.